Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà àti Àmì Ohùn: Ohun tí ó yẹ kí Olùkọ́ àti Olùdánwò Yorùbá Béèrè

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ìbéèrè ìdánwò Yorùbá ti kíláàsì SS 2 lọ fún ẹni tí ń bá wa fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà ni pé: èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni ó ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí sílébù rẹ̀ méjèèjì? Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni igba, igbá, ìgbà àti igbà. Ohun tí ó padà wá ni igba, igba, igba àti igba. Ọjọ́ ìdánwò ti pé, a ti pín ìwé fún àwọn ọmọ, n kò sì tíì rí àṣìṣe náà títí ọmọ kan fi nawọ́ sókè tí ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan náà ni.’ Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìtìjú ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó pẹ̀lú àmì wọn, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ìdánwò kíláàsì lásán ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò àṣekágbá ni, tí ọmọ jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sí nítòsí, ta ni yóò kọ ọ́ sójú pátákó fún un?

Ìbéèrè yìí ni ó bí bébà yìí. N kò kọ ọ́ láti bu ẹnu àtẹ́ lu kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni pé irinṣẹ́ tí a kò bá ṣe pẹ̀lú àwọn tí yóò lò ó, yóò ti àwọn kan síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò Yorùbá, ọmọ ìlú kékeré ni yóò kọ́kọ́ wà lára àwọn tí a tì síta. A ó wo ohun tí èdè wa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ibi tí ìṣòro fara pa mọ́ sí, ọgbọ́n tí àwọn mìíràn ti dá, àti ìdánrawò tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe nínú kíláàsì rẹ̀.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 2013. Nígbà tí ó fi di 2015, ó ti pa ti oníbébà tì. Ní 2024, àjọ WAEC lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àwọn tí ń fi orúkọ sílẹ̀ fúnra wọn: ìbéèrè ọ́bíjẹ́kítífù ni wọ́n dáhùn lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fi bírò kọ ìdáhùn àròkọ sínú ìwé. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ kí ìdánwò WAEC àti ti NECO bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá, àti ti àròkọ pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàrin ìpele méjèèjì yìí. Nínú ìbéèrè ọ́bíjẹ́kítífù, yíyàn ni ọmọ ń yàn. Ẹ̀rọ ni ó ní láti fi ọ̀rọ̀ hàn án dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá gbé àmì ohùn jù, tàbí tí ó fi àpótí kékeré rọ́pò ẹ̀, ọmọ kò ní ohun tí ó lè fi yàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di àròkọ, lítíréṣọ̀ tàbí ìtumọ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìka wá ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn lórí ẹ̀rọ. Bí kò bá rí wọn, máàkì ni yóò pàdánù. Àwa tí a ń máàkì kò sì ní lè mọ̀ bóyá àìmọ̀kan ni ó fà á tàbí àìrí bọ́tìnnì.

2. Ohun tí èdè Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26. Márùn-ún wà nínú wọn tí Yorùbá kì í lò: c, q, v, x àti z. Ó ku 21. Bí a bá fi ẹ, ọ, ṣ àti gb kún un, ó di 25, èyí tíí ṣe iye lẹ́tà wa. Gb kò mú wàhálà wá, nítorí pé g àti b ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́ta péré ni a kò rí: ẹ, ọ àti ṣ. Ní ti ohùn, mẹ́ta ni a ní, ṣùgbọ́n a kì í sábà fi àmì sí ohùn àárín. Àmì méjì ni a nílò, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, àmì méjì: márùn-ún. Bọ́tìnnì márùn-ún gan-an ni ó sì wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá kò ní iṣẹ́ fún.

Ìṣirò yìí fi hàn pé ààyè wà lórí ẹ̀rọ fún èdè wa. Ohun tí kò sí ni èrò Yorùbá lọ́kàn ẹni tí ó ṣètò bọ́tìnnì náà. N kò sọ pé kí a kàn pààrọ̀ márùn-ún fún márùn-ún kí ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tí ń jẹ́ Victor yóò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó sì ti mọ kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lè ṣìnà bí a bá yí i padà lójijì. Ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ̀ pé ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀, kò sì ṣòro.

Iṣẹ́ bí èyí kò ṣàjèjì sí Òkè-Ògùn. Àjàyí Crowther, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá sínú ìwé, ọmọ Òṣoogùn ni, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ìpàdé akọtọ́ ti 1875 ní Èkó, odindi Bíbélì ti 1884, ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí akọtọ́ ní 1965, àti àtúnṣe akọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Akọtọ́ fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ ni. Àwọn tí ó ṣe é ń bi ara wọn léèrè pé: báwo ni a ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹni tí ń kà á má baà ṣì í kà? Ìbéèrè yẹn kan náà ni a ní láti gbé síwájú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ.

Nígbà tí táípíráítà dé, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé wá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àwọn àgbà wa ni a tẹ̀ láìsí àmì, tí òǹkọ̀wé sì wá fi bírò fi àmì sí i lẹ́yọ lẹ́yọ. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ṣùgbọ́n bébà gba bírò. Ojú kọ̀ǹpútà kò gbà á. Ìdí nìyí tí ohun tí a ti fara dà lórí táípíráítà kò fi ṣeé fara dà nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Títí di òní, ìwé ìjọba àti àwòrán ilẹ̀ kò yéé kọ Ṣakí ní ‘Saki’ tàbí ‘Shaki’, àti Ìsẹ́yìn ní ‘Iseyin’. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kò kà á sí àṣìṣe mọ́.

3. Ohun tí ojú kò rí nínú ẹ̀rọ

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní àtijọ́, bí ó bá ṣe wu ẹni tí ó ṣe irú lẹ́tà kan ni ó ń pín nọ́ńbà fún ẹ, ọ àti ṣ. Ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn a dára lójú ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn ní Ṣakí, a di jákujàku. Láti 1991 ni a ti ní ìlànà kan fún gbogbo èdè àgbáyé, tí a ń pè ní Unicode, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí gbogbo ẹ̀rọ yóò mọ̀.

Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, àwọn tí ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà náà sì ń lo ṣ. É, è, ó àti ò náà ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe ni ẹ̀rọ ń kó wọn jọ, bí ẹni ń to bíríkì. A lè mú ọ, kí a fi àmì ohùn lé e lórí. A lè mú ò, kí a fi kíńkín sí i nísàlẹ̀. A lè mú o lásán, kí a fi kíńkín sí i kí a tó fi àmì ohùn sí i; a sì lè fi àmì ohùn ṣáájú kíńkín. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn lójú.

Kí ni èyí já mọ́ fún olùdánwò? Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà ọ̀kọ̀, ohun ìjà ọdẹ àti jagunjagun. Ọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ìlànà Unicode sọ pé ọ̀kan náà ni kí ẹ̀rọ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sí, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìdánwò kò bá kọ́ ọ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ lè kọ ọ̀kọ̀ láìṣe àṣìṣe kan, kí ẹ̀rọ tí ń máàkì sì fún un ní òdo, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó tẹ ìdáhùn sínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹnì kan bá lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ lẹ́tà, bí a ti rí i nínú àwọn ìwé kan, dípò kíńkín. Unicode kò ka ìlà yẹn àti kíńkín sí ọ̀kan náà rárá. Olùdánwò ni ó ní láti sọ fún ẹlẹ́rọ pé kí ó gba méjèèjì.

4. Ọgbọ́n tí àwọn mìíràn ti dá

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe irinṣẹ́ tí ó bá ènìyàn mu, kí ó lọ sí ìsọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ jókòó sídìí òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ju òwú láti ọ̀tún sí òsì, òkúta sì di òwú gígùn mú ní ọ̀ọ́kán. Kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó. Gbénàgbénà tí ó kan òfì kò jìnnà sí i. Bí igi kan bá ga jù, wọn yóò pè é kí ó wá gé e. Èyí ni àwa kò ní pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ṣe é jìnnà, kò sì mọ̀ pé igi ga jù.

Síbẹ̀, àwọn kan ti gbìyànjú. Èdè Vietnam ní àmì ohùn bíi tiwa, àní tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Wọn kò retí kíbọ́ọ̀dù tuntun. Wọ́n ṣe ọ̀nà ìtẹ̀wé kan tí a ń pè ní Telex lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Bí ènìyàn bá ti tẹ fáwẹ́lì tán, yóò tẹ s fún àmì tí ó dojú kọ òkè, f fún èyí tí ó dojú kọ ìsàlẹ̀, j fún kíńkín abẹ́ lẹ́tà. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn lẹ́tà ni àmì ń wá. Bí ọwọ́ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: a kọ a, kí a tó fi àmì lé e. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù mìíràn ní kí a tẹ àmì kí a tó tẹ lẹ́tà. Ara táípíráítà ni àṣà yẹn ti wá, nítorí pé lórí táípíráítà, àmì a lu bébà láìsún un síwájú, kí lẹ́tà lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìdí náà ti kọjá lọ, àṣà náà kò lọ. Ọmọ tí ń ronú lẹ́tà kí ó tó ronú ohùn ni ó ń fìyà jẹ.

Nílé níbí náà, a kò sùn. Túndé Adégbọlá dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún irú iṣẹ́ yìí. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti ṣe iṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa sọ Yorùbá ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí YorubaName sì ṣe ètò ìtẹ̀wé Yorùbá tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ tún ti ṣe ètò tí ń fi àmì ohùn sórí ìwé tí kò ní àmì. Èyí dára fún oníròyìn àti fún akọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí olùdánwò ṣọ́ra: bí àmì ohùn bá wà lára ohun tí a ń dán ọmọ wò, ẹ̀rọ tí ó bá fi í sí i fún un ti ṣe ìdánwò náà fún un.

5. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn pátápátá

Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi mélòó kan lọ sídìí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé lọ́jọ́ kan tí iná wà. Mo fún wọn ní àpèkọ. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí ń gba máàkì tí ó pọ̀ jù lọ nínú àmì ohùn, tí kì í ṣi ọ̀kan. Pẹ̀lú bírò, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ parí. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tí bàbá wọn ní kọ̀ǹpútà nílé ti dé ìparí, òun ṣì wà ní ìlà kẹta. Mo tẹ̀ bá a, mo bi í léèrè ohun tí ó dé. Ó ní, ‘Mo mọ̀ ọ́n mà. Ibi tí ó wà ni n kò rí.’

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé rẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi láti máàkì láìjẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n, n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ Yorùbá.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni agbègbè wa, ó fẹ̀, àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé fóònù ìyá tàbí ti ẹ̀gbọ́n nìkan ni ẹ̀rọ tí ọwọ́ wọn ń kàn, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, bí iná bá wà láti fi gba agbára sí i. Lórí fóònù, a lè di bọ́tìnnì o mú kí ọ̀wọ́ o oríṣiríṣi yọ jáde. Lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, bọ́tìnnì náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ó ti kọ́ lórí fóònù kò ràn án lọ́wọ́. Kí a má gbàgbé ọmọ tí kò ríran. Braille Yorùbá ti wà, ó sì ní àmì fún ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí ènìyàn létí, bí ó bá jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sí i, yóò ka igbá, ìgbà àti igba bákan náà. Ìbéèrè oní-igba-mẹ́rin tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi yóò máa ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ìbéèrè.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Mo dábàá ìdánrawò kan tí olùkọ́ èyíkéyìí lè ṣe. Kí ó mú ọmọ mẹ́wàá. Kí ó má ṣe mú àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ nìkan; kí ọ̀kan wà nínú wọn tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, kí ọ̀kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Kí ó fún wọn ní àpèkọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú bírò lọ́jọ́ kan, lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n le bákan náà. Kí ó kọ àkókò sílẹ̀. Kí ó pín àṣìṣe sí mẹ́ta: ti lẹ́tà, ti kíńkín abẹ́ lẹ́tà, ti àmì ohùn. Àṣìṣe tí ọmọ ṣe lórí ẹ̀rọ tí kò ṣe pẹ̀lú bírò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ni ín. Bí ẹgbẹ́ wa bá kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ láti ìlú dé ìlú, a ó ní ohun tí a lè gbé síwájú àwọn àjọ ìdánwò ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ.

Kí a tó gbà kí a kọ àròkọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ, kí a béèrè nǹkan márùn-ún:

(i) Ǹjẹ́ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì hàn lára bọ́tìnnì tàbí lójú ẹ̀rọ, tí ọmọ kò fi ní láti há wọn sórí?

(ii) Ǹjẹ́ irú kíbọ́ọ̀dù kan náà ni a ó lò ní gbogbo ibùdó ìdánwò, tí ilé-ìwé sì lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ lè fi dánra wò fún ó kéré tán ọdún kan?

(iii) Ǹjẹ́ àmì máa ń jókòó dáadáa sórí lẹ́tà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí ojú tí kò ríran dáadáa fi lè rí i?

(iv) Ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí ń máàkì ti kọ́ láti ka gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ọ̀ sí ọ̀kan náà?

(v) Ǹjẹ́ ètò wà fún ọmọ tí kò ríran àti fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, yálà àfikún àkókò tàbí bírò?

Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a fi àròkọ Yorùbá sílẹ̀ sórí bébà títí tí yóò fi di bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni kan lè ní kí a kàn yọ àmì ohùn kúrò nínú ohun tí a ń máàkì kí ìṣòro tán. N kò gbà. Bí a bá gé ohun tí a ń kọ́ ọmọ kúrú nítorí pé irinṣẹ́ kò gùn tó, láìpẹ́ ọmọ yóò béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni a tilẹ̀ ń fi àmì ṣe, a kò sì ní rí èsì fún un.

Ìkádìí

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ mọ ohun tí àwa kò mọ̀, àwa náà sì mọ ohun tí wọn kò mọ̀: a mọ bí ọmọ ti ń kọ ọ̀rọ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró, àti ohun tí ó ń sọ̀rètí nù fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ tuntun yìí, àwa sì ni àgbà ọjà. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fi ilé-ìwé wa sílẹ̀. Bírò ni ó fi ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì mi. Kí ọjọ́ tí wọn yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ tó dé, ẹ jẹ́ kí a ti rí i dájú pé ohun tí wọ́n mọ̀, wọn yóò rí ibi tí ó wà.